Idà tó ń ṣá, tó sì ń gún

Nínú gbogbo ọ̀gá ìjà idà ní Jámánì àtijọ́, Joachim Meyer ni mo gba tiẹ̀ jù. Kì í ṣe ọmọ ọba, ọ̀bẹ ló ń rọ jẹun. Basel ni wọ́n bí i sí, Strasbourg ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló sì ti tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìjà jáde lọ́dún 1570.

Apá kan wà nínú ìwé yẹn tí àwọn kan máa ń fojú di, apá tó dá lórí idà tó pè ní rappier. Wọ́n ní kò wúwo bí idà ọlọ́wọ́ méjì ti àtijọ́, kò sì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àwọn ará Ítálì. Kí ló wá burú níbẹ̀? Idà tó lè ṣá, tó tún lè gún, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ẹ má gbàgbé pé nílé ẹ̀kọ́ ìjà àwọn ará Jámánì nígbà yẹn, gígún ti di èèwọ̀. Ẹ ṣá ara yín bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ má fi ṣóńṣó idà kan ẹnikẹ́ni. Meyer fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọ̀tá ìlú nìkan làwọn baba wọn gbà kí wọ́n gún. Ó tún jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn àjèjì ni ìjà rappier ti wá. Kò ráhùn pé ayé ti bàjẹ́ o. Ó ní àṣà ti yí padà, ó sì jókòó ti àwọn èèyàn rẹ̀, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ṣá, bí wọ́n ṣe máa gún, àti bí wọ́n ṣe máa fi ṣíṣá gbá idà tó ń bọ̀ wá gún wọn dànù.

Síbẹ̀, kò sọ ti àtijọ́ nù. Látìgbà Liechtenauer, ọ̀gá ìjà idà Jámánì tó ti wà ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1300 sí 1400, ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní ohun tí wọ́n ń pè ní Fühlen. Tí idà méjì bá kanra, ọwọ́ rẹ ni kó sọ fún ọ bóyá ẹni yẹn ń tì ọ́ tàbí ó ti dẹwọ́. Bó bá ń tì ọ́, má bá a du ú, yọ idà rẹ kó o gba ibòmíràn wọlé. Bó bá dẹwọ́, gún un lójú ẹsẹ̀. Ibi tó sún mọ́ èèkù lágbára, ọ̀dọ̀ ṣóńṣó kò lágbára, nítorí náà ẹni tó bá fi ṣóńṣó tì, ó kàn ń dára rẹ̀ lágara ni.

Ohun tó dùn mí ni pé gbèsè ni títẹ ìwé náà kó o sí. Ó ríṣẹ́ olùkọ́ ìjà lọ́dọ̀ ìjòyè Mecklenburg ní Schwerin, ó rin ìrìn àjò náà nínú òtútù, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1571, kó tó rí gbèsè náà san.