Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà nìkan ni ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ń bá níbi iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ẹnì kan kò bá ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kẹ́míkà, tí kò sì gbóòórùn tó ń ta á nímú, ọ̀rọ̀ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ níbi iṣẹ́ kò kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìgbàgbọ́ yìí sì ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ní jàǹbá gan-an.

Àwọn onímọ̀ ní Finland ló dá ètò ìṣirò CAREX sílẹ̀. Wọ́n fi wo àwọn òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè 15 ní Yúróòpù láàárín 1990 sí 1993: ohun 139 tó ń fa jẹjẹrẹ tàbí tí wọ́n fura sí, ẹ̀ka iṣẹ́ 55. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 òṣìṣẹ́ ló ń fara kó irú ohun bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìdá 23 nínú 100. Èwo ló pọ̀ jù? Oòrùn ni! Nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 èèyàn ló ń lo ó kéré tán ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àkókò iṣẹ́ wọn níta gbangba. Èéfín sìgá ẹlòmíì ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà eruku silica (ohun tó wà nínú iyanrìn, òkúta àti kọnkéré), èéfín dísẹ́ẹ̀lì, radon (gáàsì tó ń jáde látinú ilẹ̀) àti eruku igi. Àwọn tó ń fara kó benzene, kẹ́míkà inú epo bẹntiróòlù tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, kò tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á mú iye òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ kan, wọ́n á wo ìdá mélòó nínú wọn ló ń fara kó ohun náà. Ká ní 20,000 èèyàn ló wà lẹ́ka àga àti tábìlì, tí ìdá 60 nínú 100 wọn ń fa eruku igi símú, 12,000 ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Ibi tó ti ń dàrú ni pé orúkọ ẹ̀ka iṣẹ́ kì í sọ ohun tọ́wọ́ èèyàn ń ṣe. Akọ̀wé owó àti ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ha pákó jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà ni, àmọ́ ohun tó ń wọ imú wọn yàtọ̀. Ó sì rọrùn láti fojú fo káfíńtà tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe nílé ìwòsàn, torí pé ẹ̀ka ìlera ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nítorí náà, ẹ̀ka iṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ló yẹ kí wọ́n jọ wò, kí wọ́n wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá tirẹ̀.

Iye èèyàn kò sì sọ bí ohun náà ṣe pọ̀ tó. Ìyẹn gba kí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọrùn aṣọ òṣìṣẹ́ ní gbogbo àkókò iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ òórùn ńkọ́? Ẹ wo ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé kọnkéré. Eruku funfun tójú ń rí tètè ń balẹ̀. Èyí tó ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kéré débi pé ojú kò lè rí i, silica kò sì ní òórùn kankan. Láti 2016, 50 máíkírógíráàmù silica (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan, fún wákàtí 8, ni òfin Amẹ́ríkà fàyè gbà. Gígé kọnkéré ní gbígbẹ lè kọjá ìyẹn lọ fíìfíì. Omi tó ń ṣàn sójú abẹ ẹ̀rọ náà ló ń mú eruku kó tó fò. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni fífi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ ń gbé e padà sáfẹ́fẹ́ ni.

Jẹjẹrẹ tí asbestos (ohun bíi okùn tín-ín-rín tí wọ́n máa ń lò nínú páànù ìbolé) ń fà lè gba 20 ọdún sí 40 kó tó yọjú, nítorí náà iṣẹ́ tẹ́nì kan ń ṣe lónìí nìkan kò tó láti fi ṣírò. Tí wọ́n bá ń kọ ìtàn iṣẹ́ ẹnì kan, “bíríkìlà” nìkan kò tó: kí wọ́n kọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ohun tó ń gé, ẹ̀rọ tó lò, wákàtí mélòó lójúmọ́, inú ilé ni àbí ìta, àti bóyá omi wà níbẹ̀.