Dìkírì 8: ohun tí kì í sí nínú ìtàn Aburi

Bí àríyànjiyàn lórí àtúntò Nàìjíríà bá ti gbóná díẹ̀, ẹnìkan á ti mú ìpàdé Aburi jáde. Bákan náà ni wọ́n máa ń sọ ọ́: Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, àti Ojukwu lọ sí Ghana, wọ́n fẹnu kò, Gowon padà dé Èkó, ó da gbogbo rẹ̀ nù, ni ogun bá dé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo sì ti kà á nínú ìwé tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn náà kì í dárúkọ, ìyẹn Dìkírì 8, tó jáde lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1967. Òfin yẹn ló sọ èyí tó pọ̀ jù nínú àdéhùn Aburi di òfin ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ọjọ́ 4 àti 5 oṣù Kìíní ọdún 1967 ni wọ́n ṣèpàdé ní ilé Peduase ní Aburi. Ọ̀gágun Joseph Ankrah, olórí Ghana nígbà náà, ló gbà wọ́n lálejò. Gowon wà níbẹ̀, àti Ojukwu gómìnà Ìlà-Oòrùn, Hassan Katsina ti Àríwá, Robert Adebayo ti Ìwọ̀-Oòrùn, David Ejoor ti Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, Mobolaji Johnson tó ń ṣàkóso Èkó, Wey tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi, pẹ̀lú àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n pa Ironsi, olórí ìjọba tó ṣáájú Gowon, n'Ìbàdàn pẹ̀lú Fajuyi tó gbà á lálejò. Wọ́n ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìlà-Oòrùn ní Àríwá, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì ti sá padà sílé. Ojukwu ò lè wá sípàdé l'Ékòó kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi dé Ghana nìyẹn, ẹni tó bá sì ń pe ìbẹ̀rù yẹn ní àwáwí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1966.

Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ìjọba Ìlà-Oòrùn gbé ohùn ìpàdé náà sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, ìjọba àpapọ̀ ní Èkó náà tẹ tiwọn.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí wúwo. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipá yanjú ọ̀ràn Nàìjíríà. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá kan orílẹ̀-èdè lápapọ̀, Ìgbìmọ̀ Ológun Gíga Jùlọ ni yóò pinnu rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ ò bá sì lè jókòó, àfi kí àwọn gómìnà fọwọ́ sí i. Gbogbo òfin tó ti gba agbára lọ́wọ́ àwọn ẹkùn ni kí wọ́n fagi lé kó tó di ọjọ́ 21 oṣù Kìíní yẹn. Kí wọ́n pín àwọn ọmọ ogun sí àgbègbè-àgbègbè, kí gómìnà sì láṣẹ lórí èyí tó wà lágbègbè rẹ̀ fún ààbò abẹ́lé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wàhálà lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n máa gba owó oṣù wọn títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta.

Ibí yìí làwọn kan ti máa ń ta lu ìtàn náà: wọ́n á ní Ojukwu, ọmọ Oxford, ló fi ìwé kó àwọn yòókù láyà jẹ, tí wọ́n fi fọwọ́ sí ohun tí kò yé wọn. Lóòótọ́, Ojukwu kó ìwé dání lọ, ó sì ti múra sílẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1966, wọ́n ti fẹnu kò pé kí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan padà sí ẹkùn rẹ̀. Níbi tiwa, wọ́n ní àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú iṣẹ́ ológun kò pọ̀ tó, làwọn ọmọ ogun Àríwá bá kù sílẹ̀ n'Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ yẹn ká àwọn àgbà Ìwọ̀-Oòrùn lára gan-an, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba. Nítorí náà, kí gómìnà láṣẹ lórí ọmọ ogun tó wà lẹ́kùn rẹ̀ kì í ṣe ìfẹ́ inú Ojukwu nìkan. A kò nílò ìwé Oxford kí èyí tó yé Adebayo.

Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé àwọn ológun yìí fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe ṣàkóso odidi orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ méjì péré, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn amòfin kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ oríṣiríṣi ló yé wọn sí. Ojukwu gbà pé agbára lórí ọmọ ogun ti bọ́ sọ́wọ́ gómìnà. Gowon gbà pé òun ṣì ni ọ̀gá pátápátá, àṣẹ á sì máa ti ọ̀dọ̀ òun wá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, àwọn akọ̀wé àgbà ìjọba àpapọ̀ ti jókòó, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún Gowon pé àdéhùn yìí á sọ ìjọba àpapọ̀ di aláìlágbára. Ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ Ìlà-Oòrùn. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n kà á. Ọjọ́ 21 oṣù Kìíní wá, ó sì lọ, Èkó ò fagi lé òfin kankan. Ẹ̀bi Gowon nìyẹn, mi ò lè bò ó.

Ṣùgbọ́n ìtàn ò parí síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, Ìgbìmọ̀ Ológun pàdé ní Benin. Ojukwu kò wá. Ọjọ́ méje lẹ́yìn náà ni Dìkírì 8 jáde. Ó dá àwọn ẹkùn padà sí ipò agbára tí wọ́n wà kí àwọn ológun tó gbàjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966. Ó fi agbára ìjọba sọ́wọ́ Ìgbìmọ̀, ó sì sọ pé lórí àwọn ọ̀ràn ńlá, kò sí òfin tó lè jáde àfi kí gbogbo gómìnà fọwọ́ sí i. Ojukwu nìkan lè jókòó sí Enugu kó sì dá òfin Èkó dúró. Kò sí gómìnà kankan ní Nàìjíríà lónìí tó ní ìdá mẹ́wàá agbára yẹn. Bí ẹ bá ra ìwé tuntun lórí ogun abẹ́lé, ẹ ṣí i sí ẹ̀yìn, ẹ wá Dìkírì 8 nínú atọ́ka rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ máa fi ìfura ka ohun tí ìwé náà bá sọ nípa Aburi.

Kí ló wá dé tí Ojukwu fi kọ̀ ọ́? Nítorí abala tí kò sí ní Aburi. Òfin náà sọ pé olórí ìjọba lè kéde ìjọba pàjáwìrì ní ẹkùn kan bí gómìnà mẹ́ta, ó kéré tán, bá fọwọ́ sí i, ó sì fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti dá ẹkùn tó bá fẹ́ ya kúrò lẹ́kun. Gómìnà mẹ́rin ló wà. Ẹ yọ Ojukwu kúrò, mélòó ló kù? Ó ka abala yẹn, ó sì rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ọmọ ogun tí wọ́n sọ ní Aburi kò sí nínú òfin náà bí Ìlà-Oòrùn ṣe fẹ́ ẹ. Lójú èmi, abala pàjáwìrì yẹn jẹ́ ìwà òmùgọ̀ láti ọwọ́ Èkó. Èèyàn tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ pa òun, o fún un ní gbogbo ohun tó béèrè, o wá fi ọ̀bẹ lé e.

Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n da àdéhùn nù, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n mú ìdá tó pọ̀ jù ṣẹ kí wọ́n sì fi oró sí ìyókù. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kẹta ni ìkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú ò rójú mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, Ojukwu ṣòfin pé owó ìjọba àpapọ̀ tó ń wọlé ní Ìlà-Oòrùn, Ìlà-Oòrùn ni yóò máa gbà á. Èkó fèsì nípa dídí ọ̀nà ọrọ̀ ajé wọn. Awolowo àtàwọn mìíràn lọ sí Enugu ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún láti pẹ̀tù sí i. Gowon tú díẹ̀ nínú okùn náà kí oṣù tó parí, àmọ́ ó ti pẹ́ jù.

Bí ẹ bá wá ń wá ọjọ́ tí wọ́n fa Aburi ya gan-an, ẹ má wá a nínú oṣù Kìíní. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967 ni. Lọ́jọ́ yẹn, ní Enugu, ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú Ìlà-Oòrùn fún Ojukwu láṣẹ láti kéde òmìnira. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní Èkó, Gowon kéde pàjáwìrì, ó gba gbogbo agbára sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fagi lé Dìkírì 8, ó sì pín ẹkùn mẹ́rin sí ìpínlẹ̀ 12. Ìlà-Oòrùn di mẹ́ta, ibi tí epo wà jù sì bọ́ sí Rivers, lẹ́yìn odi ilẹ̀ Ìgbò. Wọn ò gba ìfọwọ́sí Ojukwu, bẹ́ẹ̀ òfin tí wọ́n fagi lé lọ́jọ́ yẹn ni ì bá sọ ọ́ di dandan kí wọ́n gbà á. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ojukwu kéde Biafra.