Ta Ni Yóò Lè San Owó Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Tuntun Yìí?

Èrò ọkàn mi ni pé inú ìwé àdéhùn ni ó yẹ kí yunifásítì wa ní Ilé-Ifẹ̀ ti kọ́kọ́ jà fún aláìsàn, kí òun àti ilé-iṣẹ́ apòògùn kankan tó jọ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ìtọ́jú tí mo ń wí ni CAR-T. Wọn a fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn gba inú ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà a ṣa sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń gbógun ti àrùn jọ, a sì dá ẹ̀jẹ̀ ìyókù padà sí i lára. Ní yàrá ìwádìí, wọn a fi fáírọ́ọ̀sì tí kò lè ṣeni ní jàǹbá mọ́ gbé àbùdá tuntun wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kí wọ́n lè dá jẹjẹrẹ mọ̀, wọn a jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i di àìmọye mílíọ̀nù, wọn a sì fà wọ́n padà sí aláìsàn lára bí ẹni ń fa ẹ̀jẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí àwọn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan. Kò tíì ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú.

Ní ọdún 2012, Emily Whitehead, ọmọ ọdún 6, gbà á ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn oògùn yòókù kò ràn mọ́, ó sì yè. Ọdún yẹn náà ni University of Pennsylvania, tí ó ṣe ìwádìí náà, àti ilé-iṣẹ́ apòògùn Novartis tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Yunifásítì ní ìmọ̀, ilé-iṣẹ́ ní owó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. N kò bá wọn wí rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, 475,000 dọ́là ni wọ́n dá lé e fún aláìsàn kan, láìka owó ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ owó ìjọba àti ti àwọn aláàánú wà nínú ìwádìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo India. Yunifásítì IIT Bombay àti ilé ìwòsàn Tata Memorial ní Mumbai jọ ṣe tiwọn, inú yunifásítì náà ni ilé-iṣẹ́ ImmunoACT ti jáde, ìjọba wọn sì fọwọ́ sí NexCAR19, CAR-T tiwọn, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Owó rẹ̀ nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 50,000 dọ́là. Owó ńlá ṣì ni, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò ṣèèṣì wáyé: nílé ni wọ́n ti ṣe é, agbára aláìsàn tiwọn ni wọ́n sì ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Ifẹ̀. Láti ọdún 2003 ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń fún àwọn tí ó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, CML, ní oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ètò Novartis àti àjọ aláàánú Max Foundation, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi sì wà lára àwọn tí ó léwájú. Jákèjádò Nàìjíríà ni àwọn ènìyàn ti ń wọkọ̀ wá gbà á. Ọpẹ́ ńlá yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n Glivec ṣeé dì sínú báàgì lọ sílé, ó sì ṣeé kó wọlé láti òkè òkun. CAR-T kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ṣe tirẹ̀ fún un, ó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí ó ju ti fìríìjì lọ fíìfíì, àwọn dókítà tí ó mọṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tí ó gbà á tọ̀sán-tòru, torí ó lè gbé ibà líle wọ̀ ọ́. Ọ̀nà ìtọrẹ àánú tí ó gbà wá nígbà Glivec kò lè gbà wá níhìn-ín. Àfi kí a máa ṣe é nítòsí.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá wá béèrè fún ẹ̀jẹ̀ àti ìtàn àìsàn àwọn ènìyàn wa, kí yunifásítì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn yóò kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ náà, pé Nàìjíríà ni wọn yóò ti máa ṣe sẹ́ẹ̀lì tí a óò lò níbí, àti pé wọn yóò fẹnu kò lórí iye tí aláìsàn níbí yóò san kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣègùn Ifẹ̀ ti ń bá ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ti New York ṣiṣẹ́ nínú ARGO, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ní Áfíríkà, láti ọdún 2013, wọn kì í ṣe ẹni tí ń wá ojúure kiri mọ́. Kí wọ́n pe àwọn nọ́ọ̀sì àti ẹbí àwọn aláìsàn jókòó sídìí ìwé náà pẹ̀lú, kí wọ́n ka ojú ewé tí owó wà fún wọn ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.