Tíńtì ọ̀fẹ́ lára mọ́tò tuntun: dúdú rẹ̀ kọ́ ló ń lé ooru

Bí ẹnu bá ti kò lórí iye mọ́tò, ọ̀pọ̀ oníṣòwò mọ́tò á ní àwọn máa bá yín lẹ tíńtì mọ́ gíláàsì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Inú oníbàárà á dùn. Oòrùn ilẹ̀ wa mú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Ta ni kò fẹ́ kí inú mọ́tò òun tutù? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé bí tíńtì bá ṣe dúdú tó ló ṣe ń lé ooru tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìgbàgbọ́ yìí gan-an ló sì ń jẹ́ ká gba ohun tí kò yẹ ká gbà.

Oríṣi nǹkan mẹ́ta ló ń bá oòrùn wá. Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ìkejì ni ultraviolet, tó ń ba awọ ara jẹ́, tó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ aṣọ ìjókòó ṣá. Ìkẹta ni infrared, tí ojú kò rí, àmọ́ tí ara ń mọ̀ bí ooru. Nǹkan bí ìdajì agbára oòrùn tó ń dé ilẹ̀ ló jẹ́ infrared. Dúdú tí ẹ ń rí lára gíláàsì kàn ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ni, kò sọ ohunkóhun nípa infrared. Ọ̀rá tíńtì kan lè dúdú bí kóró iṣin, kí ooru ṣì máa gbà á kọjá. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní ceramic lè mọ́ débi tí ẹ ó fi rò pé kò sí nǹkan lójú gíláàsì, síbẹ̀ kó dá púpọ̀ nínú ooru náà dúró. Kódà, ọ̀rá tí kò ní àwọ̀ kankan wà tó ń dá ìdá 99 nínú 100 ultraviolet dúró.

Ceramic wọ́n. Èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ jù ni ọ̀rá tí wọ́n kàn pa láró, ẹni tó bá sì ń fi nǹkan tọrẹ kì í sábà mú èyí tó wọ́n. Aró inú rẹ̀ máa ń fa ooru mọ́ra, gíláàsì á gbóná, apá kan ooru ọ̀hún á sì padà bọ́ sínú mọ́tò. Tó bá pẹ́, aró á ṣá, ọ̀rá á di àwọ̀ àlùkò, á wá máa wú. Ẹ wo gíláàsì ẹ̀yìn àwọn mọ́tò àtijọ́ lójú títì, ẹ ó rí i. Yíyọ rẹ̀ tún jẹ́ wàhálà, torí àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń mú gíláàsì ẹ̀yìn gbóná lè já nígbà tí wọ́n bá ń ha á.

Ẹ má sì gbàgbé alẹ́. Ọ̀pọ̀ òpópónà wa kò ní iná. Ẹni tó ń sọdá pẹ̀lú aṣọ dúdú, ọ̀kadà tí kò tan iná, inú gíláàsì tó ṣú ni ẹ ti máa wá wọn. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan á ní, “Ibi tí mo ti rà á ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ọlọ́pàá ò lè bá mi wí.” Òfin tó de gíláàsì dúdú ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1991. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe gíláàsì mọ́tò dúdú, ìbáà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, débi tí a kò fi ní rí ẹni tó wà nínú rẹ̀, àfi tó bá gba àṣẹ. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn tí kò ju ₦2,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà ni wọ́n máa dá dúró, oníṣòwò á ti wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bákan náà ni tòkunbọ̀ tó dé pẹ̀lú tíńtì láti Amẹ́ríkà. Ní Texas, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ iwájú tó ń jẹ́ kí ìdá 25 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ wọlé bófin mu. Ní ìlú Ọba, ìdá 70 nínú 100 ni ó kéré jù. Ohun tí ìlú kan gbà kò di àṣẹ ní ìlú mìíràn.

Tí oníṣòwò mọ́tò bá fi tíńtì ọ̀fẹ́ lọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó mọ́tò. Iye ọ̀rá àti owó iṣẹ́ ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ti wà nínú ohun tí ẹ san. Bí wọn ò bá yọ ọ́, ẹ bi wọ́n ní orúkọ ọ̀rá náà àti iye TSER rẹ̀, ìyẹn iye ìdá agbára oòrùn tó ń dá dúró lápapọ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má ṣe jẹ́ kó lẹ̀ ẹ́. Ẹ tètè sọ ọ́ o, torí àwọn mìíràn á ti lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wá gbé mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé ẹ ò fẹ́ tíńtì.