Irọ́ ni pé ooru Ògbómọ̀ṣọ́ ti tó fún ejò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ejò ní Ọ́ńdà-G àti káàkiri ìgboro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Ohun tí mo ń gbọ́ ṣáá ni pé ejò ò nílò iná kankan níbí, pé àwọn òyìnbó tí yìnyín ń bọ́ nílùú wọn ló ń ra máàtì tó ń gbóná, pé ṣebí igbó wa náà ni wọ́n ti mú erè yẹn, ooru wa ti mọ́ ọn lára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá o!

Òótọ́ ni, ball python, erè kékeré tó máa ń ká jọ yẹn, ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni. Àmọ́ nínú igbó kì í jókòó sójú kan. Ihò òkété àti inú ọ̀gán ló ń gbé, tóòrùn bá mú jù á wọ ilẹ̀ lọ, tílẹ̀ bá ṣú á jáde. Ara ejò ò lè dá ooru tiẹ̀ ṣe, ibi tó bá lọ ló ti ń rí i. Ẹ wá tì í mọ́nú àpótí lórí táìsì, níbo ló fẹ́ sá sí?

Ẹ wo ọyẹ́ Dìsẹ́ńbà sí Jánúárì. Ọ̀sán á gbóná, àmọ́ tó bá dìdájí ó lè já sí bíi 18 tàbí 20 dígírì, àwa gan-an á máa wá bùláńkẹ́ẹ̀tì. Apá kan àpótí ejò yẹn gbọ́dọ̀ wà ní 31 sí 33, apá kejì ní bíi 25 sí 27, kóun fúnra ẹ̀ lè yan èyí tó fẹ́. Tó bá jẹ eku tí ò rí ooru, oúnjẹ ò ní dà, á bì í padà. Tó bá wá pẹ́ nínú òtútù, imú ẹ̀ á máa súfèé, itọ́ tó ki á máa hó lẹ́nu ẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn, dókítà ẹranko ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, ẹ má fún un lágbo.

Ooru àpọ̀jù náà ń pa á. Abẹ́ páànù lóṣù Máàṣì ẹ mọ bó ṣe ń rí, tó bá ti kọjá 38 ewu ti dé. Àwọn kan tún ń gbé àpótí gíláàsì síta kó lè yáàrùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò, kò ní pẹ́ tí ejò yẹn á fi kú.

Máàtì ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ àpótí, kó gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kó sì ní thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí máàtì ṣe ń gbóná kó má baà gbóná jù. Gúlóòbù tí ò ní wáyà tó dáàbò bò ó, ejò á wé mọ́ ọn, á jó o lára. Ẹ fi tẹ̀mómítà sápá méjèèjì, àti ibi tó lè sá pamọ́ sí lápá méjèèjì, torí tó bá jẹ́ apá gbígbóná nìkan ló ti lè fara pamọ́, ibẹ̀ náà ló máa wà bó tiẹ̀ ń jó o. Àpótí pákó ń mú ooru dúró ju gíláàsì lọ. Tí wọ́n bá múná lọ lóru ọyẹ́, ẹ fi aṣọ wé ìgò omi gbígbóná sápá kan, kẹ́ ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí, ẹ má dí ihò atẹ́gùn. Tẹ́ ò bá sì tíì rí thermostat rà, ẹ má tíì tan máàtì yẹn.