Wọ́n Fi Mí Joyè Máníjà, Wọ́n Gba Ofatáìmù Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ tí wọ́n fi mí ṣe igbákejì máníjà ní ṣọ́ọ̀bù kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ofatáìmù mi tán. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti ṣiṣẹ́ ju 40 wákàtí lọ lọ́sẹ̀, owó wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n ń san fún mi lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tó lé. Bí mo ṣe joyè, ó di $700 lọ́sẹ̀, ì báà jẹ́ 40 wákàtí ni mo ṣe, ì báà jẹ́ 60. Ọgọ́ta ló sì sábà máa ń jẹ́. Aago mọ́kànlá alẹ́, èmi náà ni mò ń nu ilẹ̀, tí mò ń kó páálí lọ sẹ́yìnkùlé, báàjì máníjà ń fì dirodiro lọ́rùn mi. Ẹ pín $700 sí ọ̀nà 60, kò tó $12 ní wákàtí kan! Ká ní wọ́n ka $700 yẹn sí owó 40 wákàtí, ofatáìmù 20 wákàtí tó kù ì bá jẹ́ $525 lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Òfin ọdún 1938 tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ló fìdí ofatáìmù múlẹ̀. Òfin náà yọ àwọn ọ̀gá, alákòóso àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀ nínú ofatáìmù; ìlànà tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe ló ní kí owó wọn ti dé gbèdéke kan, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn náà sì jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Gbèdéke yìí ni wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. $455 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi í sí ní 2004, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 15, bí gbogbo nǹkan ṣe ń wọ́n. Ìjọba Obama fẹ́ gbé e dé $913 ní 2016. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó bẹ̀rẹ̀ ni adájọ́ kan ní Texas dá a dúró. Ìjọba Trump fi í sí $684 láti 2020.

Ìjọba Biden wá gbé e sí $844 ní oṣù Keje 2024, pé yóò di $1,128 ní oṣù Kìíní 2025. Oṣù Keje yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ofatáìmù fún mi padà. Oṣù mẹ́rin àtààbọ̀ ni mo fi jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, adájọ́ mìíràn ní Texas níbẹ̀ náà fagi lé gbogbo rẹ̀, gbèdéke padà sí $684, èmi náà padà sí $700 mi.

Adájọ́ ní iṣẹ́ téèyàn ń ṣe ló yẹ kí òfin wò, pé gbèdéke tó ga bẹ́ẹ̀ ń sọ owó di ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń wò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé ọ̀gá rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ láti fi hàn pé ilẹ̀ lòun ń nù? Iye owó, ẹnikẹ́ni lè wò ó nínú ìwé owó rẹ̀ kó sì mọ ibi tóun dúró sí.

Àwọn oníṣòwò kéékèèké ní apá àwọn ò ká a, pé ṣe làwọn máa dín wákàtí kù. Ẹ dín in kù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá dín wákàtí rẹ̀ kù á lè délé kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó sùn.

Ní oṣù Keje 2025, wọ́n ṣòfin pé apá kan owó ofatáìmù máa bọ́ lọ́wọ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, títí dé $12,500 lọ́dún, títí di 2028. Ó dára fún ẹni tó ń gba ofatáìmù. Èmi tí wọn ò san án fún, orí kí ni wọ́n fẹ́ ti yọ owó orí kúrò?

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ kọ gbèdéke sínú òfin, kó sì máa gòkè fúnra rẹ̀ bí owó iṣẹ́ bá ṣe ń gòkè, kó má jẹ́ pé ààrẹ kan á gbé e sókè, adájọ́ kan á gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè dìbò níbí, ẹ bi aṣojú yín léèrè ibi tó dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó fún un ní ìbò yín.