Columbia Ti Sanwó, Ìdánwò Ọjọ́ Ètùtù Ńkọ́?

Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan Yunifásítì Columbia ní New York pé kò dáàbò bo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2025 ni Columbia gbà láti san 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba náà láàárín ọdún mẹ́ta, àti mílíọ̀nù 21 mìíràn lórí ẹ̀sùn tó wà níwájú EEOC, àjọ tó ń rí sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà níbi iṣẹ́. Agbẹjọ́rò kan, Bart Schwartz, ni wọ́n yàn láti máa ṣọ́ àdéhùn náà. Owó ìwádìí tó lé ní 400 mílíọ̀nù dọ́là tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ní oṣù Kẹta, wọ́n gbà pé kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà wálé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò ìjọba ni 200 mílíọ̀nù yẹn ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ Júù tí wọ́n ní torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá gbogbo ẹjọ́ yìí sílẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. A ti sọ ọ́ rí lójú ewé yìí, a ó tún un sọ: ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìdánwò, ilé ìdáná àti ẹnu ọ̀nà ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn ni ẹ̀tọ́ ọmọ Júù láti pa ọjọ́ mímọ́ rẹ̀ mọ́ ti ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. A kò fojú kéré ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà náà. Nǹkan bí 500 akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ti ẹnu wọn fún ìgbìmọ̀ tí Columbia fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, ìròyìn ìgbìmọ̀ náà sì jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ọjọ́ tí Àjọ Ìrékọjá wọlé lọ́dún yẹn gan-an, 22 oṣù Kẹrin, ni wọ́n gbé kíláàsì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí rògbòdìyàn. Àwọn ọmọ Júù náà kò sì sí lójú kan: àwọn kan nínú wọn wà nínú àgọ́ àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn nítorí Gásà, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ oúnjẹ Ìrékọjá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó wà nínú àgọ́ àti ẹni tó ń sá fún un, kàlẹ́ńdà kan náà ló dè wọ́n.

Ẹ wo sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ọdún Tuntun àwọn Júù bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, 23 àti 24 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ Ètùtù, Yom Kippur, ọjọ́ ààwẹ̀ wọn, bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ méjì tí Àjọ Àgọ́ fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 7 àti 8, ọjọ́ méjì tí wọ́n fi ń kádìí àjọ̀dún jẹ́ 14 àti 15, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú náà ni. Ọjọ́ méje nìyẹn tí Júù tó ń pa òfin mọ́ kò gbọdọ̀ kọ̀wé, kò gbọdọ̀ tẹ kọ̀ǹpútà, kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀. Kíláàsì tó ń jókòó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mẹjọ láti 23 oṣù Kẹsàn-án sí 16 oṣù Kẹwàá. Mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí pàdánù nínú rẹ̀. Ìdajì gééré, nígbà tí ìdánwò àárín sáà sì ń kan ilẹ̀kùn.

Lọ́dún 2026, òpin ọ̀sẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí bọ́ sí, àfi Ọjọ́ Ètùtù nìkan tó jẹ́ ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹsàn-án. A lè sọ ọ́ ṣáájú nítorí pé ìṣirò ni kàlẹ́ńdà Júù. Kò dà bí Ìtúnu Ààwẹ̀ tí a ń wo ojú ọ̀run fún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí Ọjọ́ Ètùtù yóò bọ́ sí ní ogún ọdún òní yóò mọ̀ ọ́n kí omi tó hó lórí iná. Ẹ má tún sọ fún wa mọ́ pé olùkọ́ kò mọ̀. Ọ́fíìsì tó tẹ ìwé àkókò ìdánwò mọ̀. Kò kà á sí ni.

Òfin ò sì dákẹ́. Òfin ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ New York, abala 224-a, ní kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀sìn kò jẹ́ kó wá ní àǹfààní tó bá ti àwọn yòókù dọ́gba láti tún ìdánwò ṣe, kí wọ́n má sì gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dárúkọ ìdánwò tó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mọ New York lóṣù Kejìlá mọ̀ pé oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ààbọ̀ tó lù, ìṣẹ́jú 18 ṣáájú ìyẹn sì ni wọ́n ń tan àbẹ́là Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn tó ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ yìí dù lè gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin náà kò sì dárúkọ Júù nìkan: ọmọ Yorùbá tó fẹ́ kírun Iléyá ní New York àti ọmọ Adventist tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ibo wá ni ó ti ń wọ́? Olùkọ́ á ní, “Má ṣe ìyọnu, máàkì ìdánwò kan là ń yọ kúrò fún gbogbo yín, fi èyí tó o pàdánù ṣe tìrẹ.” Ó dà bí àánú, ìjìyà ni. Àwọn yòókù ń yọ máàkì tó burú jù lọ kúrò, ọmọ Júù ti ná tirẹ̀ sórí Ọjọ́ Ètùtù. Òmíràn á ní kó wá ṣe é lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti gbààwẹ̀ wákàtí 25 láìfẹnu kan omi. Ní yàrá ìwádìí kẹ́míkà, wọ́n á ti da èròjà nù, wọ́n á ti fọ ìgò. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kó dé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní agogo 11:59 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tí kò lè fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kà sí ẹni tó pẹ́. Olùkọ́ márùn-ún ló sì gbọ́dọ̀ bẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ “kosher”, ìyẹn oúnjẹ tó bá òfin àwọn Júù mu, sára ìlẹ̀kùn kò tó. Ìkòkò ẹran àti ìkòkò wàrà kì í pàdé, ọ̀bẹ wọn kì í pàdé, alábòójútó tí àwọn rábì fọkàn tán ló gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́. Bí òṣìṣẹ́ alẹ́ kan bá gbé oúnjẹ tirẹ̀ gbóná nínú máíkrówéfù wọn, ilé ìdáná ti dẹnu bolẹ̀. Kí Ìrékọjá tó wọlé, ohun gbogbo tó ní àlìkámà, báálì àti irú wọn gbọ́dọ̀ jáde, ìkòkò irin gbọ́dọ̀ wà láìlò fún wákàtí 24 kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ sínú omi híhó. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, ó ti pẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ ọmọ Júù tí ìran wọn wá láti Yúróòpù kì í jẹ ìrẹsì, wọn kì í jẹ ẹ̀wà. Ẹ má gbé ìrẹsì òun ẹ̀wà síwájú wọn kí ẹ sì ní ẹ ti ṣètò.

Ẹnu ọ̀nà tí káàdì nìkan ń ṣí pẹ̀lú, èyí tí Júù tó ń pa òfin mọ́ kò lè lò lọ́jọ́ Sábáàtì torí pé iná mànàmáná ló ń ṣí i: kọ́kọ́rọ́ irin tó ń yí lójú ihò tó, tàbí ẹ̀ṣọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi káàdì hàn láì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ. Àbẹ́là náà, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n kò gbà á láyè nínú yàrá nítorí iná, tábìlì irin kan nísàlẹ̀ ilé, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ti tó. Èló ni tábìlì irin?

Columbia yìí kan náà ló wá ọgbọ́n dín iye ọmọ Júù kù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tó sì dá Seth Low Junior College sílẹ̀ ní Brooklyn lọ́dún 1928, ibi tí wọ́n ń darí ọ̀pọ̀ ọmọ Júù sí; ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé Isaac Asimov bá wọlé. Fọ́ọ̀mù àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Nítorí náà a kò ní gbà pé ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù kéré.

Àdéhùn tuntun náà ní kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ kan tí yóò dúró fún ire àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ kó máa tẹ́tí sí ẹ̀dùn ọkàn kó sì máa kọ lẹ́tà sí olùkọ́, kí wọ́n má wulẹ̀ gbà á. Kó rí ìwé àkókò ìdánwò kó tó jáde. Kó ní àṣẹ láti mú ọjọ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀ bí olùkọ́ bá kọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ márààrún láìjẹ́ pé ó ń bẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni sáà yẹn bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 ni Ọdún Tuntun àwọn Júù wọlé. Ogún ọjọ́ ló wà láàárín méjèèjì.